Sísọ fótò aláwọ̀ di dúdú-àti-funfun nínú ètò Java: ọ̀nà wo ló bá iṣẹ́ yín mu?

Ẹni tó bá ń fi Java kọ ètò fún ilé ìtẹ̀wé, fún onífótò tàbí fún ilé ẹ̀kọ́ kò ní pẹ́ kan ọ̀rọ̀ yìí. Fótò tí oníbàárà kó wá kún fún àwọ̀, ìwé ètò ìsìnkú tàbí káàdì tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sì jẹ́ ti dúdú-àti-funfun, nítorí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ kò ní ju tádàwà dúdú lọ. Bí ẹ bá wá wo inú Java, ọ̀nà tó wà kì í ṣe ẹyọ kan: Swing àti Java 2D, irinṣẹ́ inú Java fún fèrèsé àti àwòrán, ní tiwọn, JavaFX, irinṣẹ́ fèrèsé mìíràn, ní tirẹ̀, àwọn láíbúrárì ìta (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń yọ àwọ̀ kúrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fi ọkàn sí ni pé àwòrán tí wọ́n ń gbé jáde kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ náà sì lè pọ̀ débi pé yóò ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ òkè méjì dán wọn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní fótò ìgbéyàwó kan wà níwájú wa: ẹbí ìyàwó wọ àlàárì, ẹbí ọkọ wọ aṣọ òkè búlúù tó tàn. Ká mú píksẹ́lì kan, ìyẹn tóótó àwọ̀ kékeré tó ń para pọ̀ di fótò, lára àlàárì, kó jẹ́ pupa 190, ewé 30, búlúù 50, nínú òṣùwọ̀n 0 sí 255. Ká mú òmíràn lára aṣọ búlúù, kó jẹ́ pupa 40, ewé 60, búlúù 170. Bí ẹ bá ro nọ́ḿbà mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀ tí ẹ pín in sí mẹ́ta, 90 ni. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti èkejì, 90 náà ni. Aṣọ méjì tí ọmọdé kò lè ṣì mú ti di ọ̀kan ṣoṣo nínú fótò, ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó kò sì yàtọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìpíndọ́gba yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí ọkàn ẹni tó bá fẹ́ kọ kóòdù náà fúnra rẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìmọ́lẹ̀ ló ṣáájú. Ojú ènìyàn kì í rí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà: àwọ̀ ewé ló ń tàn jù lójú wa, pupa tẹ̀ lé e, búlúù ló sì ṣókùnkùn jù. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Rec. 601 ti tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ fi fún pupa ní 0.299, ewé ní 0.587, búlúù ní 0.114, tí Rec. 709 ti tẹlifíṣọ̀n HD sì fi fún wọn ní 0.2126, 0.7152 àti 0.0722. Ọ̀nà tí kò bá ka irú ìwọ̀n báyìí sí kò lè gbé ohun tí ojú rí jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi àbájáde ṣe. Ṣé ènìyàn ni yóò wò ó lójú kọ̀ǹpútà, àbí wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àbí ètò yín fúnra rẹ̀ ni yóò ka nọ́ḿbà inú rẹ̀ láti fi mọ nǹkan? Ìbéèrè yìí ló ń yà wá sọ́tọ̀ ju èyíkéyìí lọ, mo sì rọ̀ yín kí ẹ dáhùn rẹ̀ kí ẹ tó ka ohun tó kù.

Ibi tó ṣófo nínú àwòrán, tí ohun tó wà lẹ́yìn ti ń hàn, èyí tí Java ń pè ní alpha, tún ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń lo fáìlì PNG. Àkókò àti mẹ́mórì náà wà ńbẹ̀: fótò fóònù tó jẹ́ 4000 × 3000 ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 12, bí ó bá wà nínú TYPE_INT_RGB, irú àwòrán Java tó ń gba báìtì mẹ́rin fún píksẹ́lì kan, yóò gba 48 MB, bí ó bá wà nínú TYPE_BYTE_GRAY, irú èyí tó ń gba báìtì kan, yóò gba 12 MB. Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìnáwó wọn wà lára ìwúwo fáìlì tí oníbàárà yóò fi dátà rẹ̀ gbà sórí kọ̀ǹpútà, àti lára wàhálà tí ẹ ó ṣe kí ètò náà tó ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac.

Kíkùn ún sínú TYPE_BYTE_GRAY

Èyí ni ọ̀nà tí mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ẹ dá BufferedImage (àwòrán inú mẹ́mórì) tuntun tó jẹ́ aláwọ̀ eérú sílẹ̀, kí ẹ sì ya fótò aláwọ̀ sínú rẹ̀. Java fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìyípadà bó ṣe ń yà á.

```java
BufferedImage eeru = new BufferedImage(
    foto.getWidth(), foto.getHeight(),
    BufferedImage.TYPE_BYTE_GRAY);
Graphics2D g = eeru.createGraphics();
g.setColor(Color.WHITE);
g.fillRect(0, 0, eeru.getWidth(), eeru.getHeight());
g.drawImage(foto, 0, 0, null);
g.dispose();
```

Nínú kóòdù OpenJDK, ẹ̀dà Java tí gbogbo ènìyàn lè wo kóòdù rẹ̀, ìṣirò tó wà lábẹ́ drawImage yìí ni pé kí a sọ pupa di ìlọ́po 77, ewé di ìlọ́po 150, búlúù di ìlọ́po 29, kí a ro wọ́n pọ̀, kí a fi 128 kún un, kí a sì fi 256 pín in. Rec. 601 náà ni, tí wọ́n kọ ní nọ́ḿbà odindi kí ó lè yára. Àlàárì wa di 80, aṣọ búlúù di 66. Wọn kò jìnnà síra púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀, ojú sì lè rí i.

Ìlà fillRect tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. TYPE_BYTE_GRAY kò ní alpha, dúdú sì ni gbogbo píksẹ́lì rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá ya àmì ilé iṣẹ́ tó jẹ́ PNG sínú rẹ̀ láìkọ́kọ́ da funfun sí i, gbogbo ibi tó ṣófo yóò dúdú kirikiri, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò sì fi tádàwà rẹpẹtẹ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀fìn kan wà lójú ọ̀nà yìí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lò ó mọ̀. Lẹ́yìn tí ìyípadà bá parí, ẹ má ṣe fi getRGB ka iye píksẹ́lì. Java gbà pé CS_GRAY, tí í ṣe ààyè àwọ̀ tí TYPE_BYTE_GRAY ń lò, ń gbé iye ìmọ́lẹ̀ gan-an, kì í ṣe iye sRGB, ìlànà àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fótò àti ojú kọ̀ǹpútà ń lò. Nítorí náà, bí nọ́ḿbà tó wà nínú àwòrán bá jẹ́ 128, getRGB yóò yí i padà sí sRGB kó tó fún yín, 188 ni ẹ ó sì rí gbà. Ẹni tó bá kọ ètò tó ń ka iye yìí láti mọ̀ bóyá ojú ìwé ṣófo tàbí ó ní ọ̀rọ̀ yóò máa gba èsì tó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní sí àṣìṣe kankan tí Java yóò kéde. Ohun tó tọ́ ni:

```java
int iye = eeru.getRaster().getSample(x, y, 0);
```

Èyí ń fún yín ní 128 tó wà níbẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ní ti ìyára, mẹ́mórì àti fífi pamọ́, kò sí ohun tó tún dáa tó o láàárín ohun tó bá JDK, àpò irinṣẹ́ Java, wá. Fáìlì JPEG tí ImageIO, irinṣẹ́ Java tó ń ka fáìlì àwòrán tó sì ń kọ ọ́, bá kọ láti inú rẹ̀ yóò jẹ́ ti àwọ̀ eérú lódidi, kì í ṣe aláwọ̀ mẹ́ta tó ń díbọ́n.

ColorConvertOp

Kíláàsì yìí wà nínú java.awt.image, òun ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ sì máa ń dárúkọ. Kì í ṣe ìṣirò mẹ́ta rọ̀ọ̀rọ̀ ló ń ṣe. Ó ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìṣàkóso àwọ̀ tó wà nínú Java kọjá, èyí tó jẹ́ LittleCMS nínú OpenJDK. Ó ń sọ iye sRGB di iye ìmọ́lẹ̀ gan-an, ó ń yọ àwọ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì ń dá a padà.

Kí nìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì? Nọ́ḿbà 0 sí 255 tó wà nínú fótò kì í ṣe òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Píksẹ́lì eérú tó jẹ́ 128 kì í tan ìdajì ohun tí 255 ń tàn: nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń tàn. Àwọn ọ̀nà tó ń fi 0.299 àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lu nọ́ḿbà wọ̀nyí bó ṣe wà ń ṣe ìṣirò tó sún mọ́ òótọ́, pàápàá lórí àwọ̀ tí kò le. Bí àwọ̀ bá ti le, bíi pupa aṣọ àlàárì, wọ́n máa ń sọ ọ́ di ohun tó ṣókùnkùn ju bí ojú ṣe rí i lọ. Lọ́dọ̀ ColorConvertOp, àlàárì wa yóò sún mọ́ 100, aṣọ búlúù yóò sún mọ́ 70. Àwọn méjèèjì yà sọ́tọ̀ gedegbe.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ohun tó ń gba àbájáde hàn án bó ṣe yẹ:

```java
ColorConvertOp op = new ColorConvertOp(
    ColorSpace.getInstance(ColorSpace.CS_GRAY), null);
BufferedImage abajade = new BufferedImage(
    foto.getWidth(), foto.getHeight(),
    BufferedImage.TYPE_INT_RGB);
op.filter(foto, abajade);
```

TYPE_INT_RGB ni mo fi sílẹ̀ fún un, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá fún un ní TYPE_BYTE_GRAY, iye ìmọ́lẹ̀ gan-an ni yóò kọ sínú rẹ̀, kò ní dá a padà sí sRGB. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Swing bá fẹ́ yà á sójú fèrèsé, yóò mú nọ́ḿbà náà bíi pé sRGB ni. Ohun tó yẹ kó jẹ́ 100 yóò hàn bíi 32, ojú àwọn ènìyàn inú fótò yóò sì ṣú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé ColorConvertOp ń ba fótò jẹ́, ibí ni wọ́n ti ṣubú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí àbájáde rẹ̀ wà ní báìtì kan fún píksẹ́lì kan kò ní láti fi èyí sílẹ̀. Ẹ ṣe é sínú TYPE_INT_RGB bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, kí ẹ wá fi drawImage ya àbájáde náà sínú TYPE_BYTE_GRAY. Nítorí pé 77, 150 àti 29 jẹ́ 256 lápapọ̀, píksẹ́lì tí nọ́ḿbà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dọ́gba yóò kọjá láìyí padà rárá. Ìgbésẹ̀ kan ló lé, iṣẹ́ náà sì mọ́.

Ó lọ́ra ju drawImage lọ. Fún fótò kan ṣoṣo kò sí ẹni tó máa mọ̀. Fún àpò fáìlì tó ní fótò ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

GrayFilter: ti bọ́tìnnì ni, kì í ṣe ti fótò

Orúkọ javax.swing.GrayFilter ń tan ènìyàn jẹ. Wọ́n ṣe é kí Swing lè fi hàn pé bọ́tìnnì kan kò ṣeé tẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, iṣẹ́ yẹn ló sì mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn tó bá ti ro 0.30, 0.59 àti 0.11 pọ̀, ó tún ń fi 3 pín àbájáde, kó tó wá tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Pẹ̀lú createDisabledImage, píksẹ́lì funfun yóò di 170, dúdú yóò di 128, gbogbo ohun tó wà nínú fótò yóò sì há sáàárín méjèèjì. Àlàárì wa di 141, aṣọ búlúù di 139. Ẹ lò ó fún àwòrán orí bọ́tìnnì, nítorí ó ń pa alpha mọ́, ìlà kan ṣoṣo sì ni. Ẹ má fi kan fótò.

Kíkọ ọ́ fúnra yín

Ọ̀nà yìí ló fún yín ní àṣẹ jù, ọ̀pọ̀ ìdí sì wà tí ẹ fi lè fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ fẹ́ pa alpha mọ́, pé ẹ fẹ́ kí oníṣẹ́ fa nǹkan lójú fèrèsé láti yan bí pupa ṣe máa tàn tó, tàbí pé ẹ fẹ́ kí àbájáde jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo ẹ̀dà Java láìgbára lé ohun tó wà nínú JDK.

Ẹ má fi getRGB àti setRGB ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí píksẹ́lì mílíọ̀nù 12. Ẹ mú array (ìtò nọ́ḿbà píksẹ́lì) tó wà lábẹ́ àwòrán:

```java
int[] p = ((DataBufferInt) foto.getRaster()
        .getDataBuffer()).getData();
for (int i = 0; i < p.length; i++) {
    int c = p[i];
    int r = (c >> 16) & 0xff;
    int e = (c >> 8) & 0xff;
    int b = c & 0xff;
    int y = (77 * r + 150 * e + 29 * b + 128) >> 8;
    p[i] = (c & 0xff000000) | (y << 16) | (y << 8) | y;
}
```

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ ṣọ́. Fótò JPEG tí ImageIO bá kà sábà máa ń jẹ́ TYPE_3BYTE_BGR, kóòdù òkè yìí yóò sì ju àṣìṣe ClassCastException lé yín lọ́wọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ya fótò náà sínú TYPE_INT_ARGB tuntun. Ìyẹn yóò tún gbà yín lọ́wọ́ pípa fótò àtilẹ̀bá rẹ́, torí array yìí kì í ṣe ẹ̀dà, àwòrán náà gan-an ni. Èkejì, bí àwòrán bá ti ọ̀dọ̀ getSubimage wá, array kan náà ló jọ ń lò pẹ̀lú àwòrán ńlá tí ẹ ti gé e, ẹ ó sì rí i pé gbogbo fótò ti pàdánù àwọ̀ rẹ̀ nígbà tó jẹ́ ojú ènìyàn kan péré lẹ fẹ́ yí padà. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ti mú array yìí jáde lẹ́ẹ̀kan, Java kò ní lè fi àwòrán náà sínú mẹ́mórì káàdì àwòrán mọ́, yíyà rẹ̀ sójú fèrèsé yóò sì lọ́ra díẹ̀. Ìyẹn náà ni ìdí tó fi sàn kí ẹ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà, kí ẹ sì ya ẹ̀dà náà sínú òmíràn fún wíwò.

Bí ẹ bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó péye, ẹ lè ṣe ohun tí ColorConvertOp ń ṣe láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi 255 pín iye kọ̀ọ̀kan. Bí èsì kò bá ju 0.04045 lọ, ẹ fi 12.92 pín in. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi 0.055 kún un, ẹ fi 1.055 pín in, ẹ sì gbé e sí agbára 2.4. Ẹ wá fi 0.2126, 0.7152 àti 0.0722 ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ sì tọ ọ̀nà kan náà padà. Àlàárì di 98, aṣọ búlúù di 73. Nítorí pé iye 256 péré ló lè wọlé, ẹ ṣe ìṣirò ti ìwọlé sílẹ̀ nínú tábìlì kan kí ètò má baà máa pe Math.pow ní ìgbà mílíọ̀nù 36 fún fótò kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fótò kò nílò èkejì, nítorí náà ẹ lè fi IntStream.range(0, giga).parallel() pín iṣẹ́ náà fún gbogbo core tó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi ìwọ̀n Rec. 709 lu nọ́ḿbà sRGB tí ẹ kò tíì sọ di iye ìmọ́lẹ̀. Ó wọ́pọ̀ gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́nà yẹn, àlàárì di 65, aṣọ búlúù di 64, a sì ti padà síbi tí ìpíndọ́gba wà.

JavaFX

JavaFX kò bá JDK wá mọ́ láti Java 11 lọ́dún 2018, OpenJFX ni ẹ ó ti gbà á. Ẹni tí ètò rẹ̀ kò bá tíì lo JavaFX, mi ò rò pé torí èyí nìkan ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tó ti wà níbẹ̀, èyí tó yá jù ni ColorAdjust:

```java
ColorAdjust ipa = new ColorAdjust();
ipa.setSaturation(-1);
imageView.setEffect(ipa);
```

Ó yára, káàdì àwòrán ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà, fótò àtilẹ̀bá kò yí padà, ẹ sì lè yọ ipa náà kúrò nígbàkigbà. Ó dára fún bọ́tìnnì "wò ó kí o tó tẹ̀ ẹ́". Àmọ́ orí HSB, ọ̀nà tó ń fi irú àwọ̀, bó ṣe le tó àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣàpèjúwe àwọ̀, ló ń ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ nínú HSB sì ni èyí tó ga jù nínú nọ́ḿbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nípa ìṣirò yẹn, àlàárì yóò di 190, aṣọ búlúù 170, búlúù pọ́ńbélé tó jẹ́ 0, 0, 255 yóò sì funfun báláú. Aṣọ tó wúwo lójú yóò dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ ṣí. Fún ìfihàn, kò burú. Fún ohun tí wọn yóò tẹ̀ sórí bébà, rárá.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi PixelReader àti PixelWriter rìn lórí píksẹ́lì, kí ẹ sì pe Color.grayscale() lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n tó ń lò ni 0.21, 0.71 àti 0.07. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 0.99 ni, funfun yóò sì di 252. Àlàárì yóò di 65, aṣọ búlúù 63, nítorí ìdí tí mo ti sọ nípa Rec. 709. Bí ẹ bá máa rìn lórí píksẹ́lì nínú JavaFX, ẹ lo ìṣirò tiyín.

OpenCV àti ImageJ

OpenCV, láíbúrárì ìta fún iṣẹ́ àwòrán, jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan míì lẹ́yìn tí àwọ̀ bá ti kúrò: wíwá ojú ènìyàn nínú fótò, títo ìwé tí wọ́n síkáànì wọ́gọ, pípèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ètò tó ń ka lẹ́tà. Imgproc.cvtColor pẹ̀lú COLOR_BGR2GRAY ló ń ṣe é, Rec. 601 ló ń lò, àlàárì di 80, aṣọ búlúù 67. Ẹ tún lè sọ fún Imgcodecs.imread pé IMREAD_GRAYSCALE, fótò yóò sì wọlé láìní àwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé BGR ni ètò àwọ̀ rẹ̀, kì í ṣe RGB. Ẹni tó bá fi RGB sí i láìmọ̀ yóò fún búlúù ní ìwọ̀n pupa, aṣọ búlúù yóò sì mọ́lẹ̀ ju àlàárì lọ.

Ìnáwó rẹ̀ wà lára pé kóòdù C++ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ó di fáìlì .dll fún Windows, .so fún Linux, .dylib fún Mac mọ́ ètò yín, ẹ ó sì pe System.loadLibrary kó tó dá yín lóhùn. Mẹ́mórì Mat, àpótí tí OpenCV ń kó àwòrán sí, kò sí lábẹ́ àkóso Java, nítorí náà ẹ máa pe release() bí fótò bá pọ̀. Láti 4.5.0, àṣẹ Apache 2 ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ sì lè fi sínú ètò tí ẹ ń tà.

ImageJ, tí Wayne Rasband kọ́ ní NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, jẹ́ Java pọ́ńbélé, ti gbogbo ayé sì ni, kò sí àṣẹ tí ẹ nílò. Ẹni tó ń ka sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ awò amúǹkantóbi kò lè rí èyí tó bá a mu jù ú lọ. Ẹ kàn mọ̀ pé bí ẹ kò bá tan "weighted RGB conversions" nínú ètò rẹ̀, ìpíndọ́gba gbọọrọ ló ń lò, 90 àti 90.

Ẹ wò wọ́n pọ̀

| Ọ̀nà | Àlàárì | Aṣọ búlúù | Alpha |
|---|---|---|---|
| Ìpíndọ́gba, àti ImageJ bó ṣe wà | 90 | 90 | kò sí ní ImageJ |
| drawImage sí TYPE_BYTE_GRAY | 80 | 66 | ó sọnù |
| GrayFilter | 141 | 139 | ó wà |
| Kóòdù tiyín, ìmọ́lẹ̀ gan-an | 98 | 73 | bí ẹ bá fẹ́ |
| JavaFX Color.grayscale() | 65 | 63 | ó wà |
| Ìṣirò HSB ti ColorAdjust | 190 | 170 | ó wà |
| OpenCV | 80 | 67 | ó sọnù |

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ má ṣe é lórí thread (okùn iṣẹ́) tó ń ya fèrèsé. Fótò ńlá kan lè mú kí gbogbo bọ́tìnnì dákẹ́ lójijì, oníṣẹ́ yóò sì rò pé ètò ti kú, yóò pa á. SwingWorker ni ti Swing, Task ni ti JavaFX. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí thread JavaFX ni snapshot(), bí ẹ bá fẹ́ fi ohun tí ColorAdjust gbé jáde pamọ́ sínú fáìlì.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí ètò yín bá jẹ́ ti ilé ìtẹ̀wé tàbí ti ìwé ìdánimọ̀, tí fótò ń wọlé tí fótò sì ń jáde, ẹ mú drawImage sí TYPE_BYTE_GRAY. Kò ní láíbúrárì kankan, fáìlì rẹ̀ fúyẹ́, àbájáde rẹ̀ sì dára tó fún bébà.

Onífótò tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọnà, tí aṣọ àti àwọ̀ ara ènìyàn ṣe pàtàkì sí, kó mú ColorConvertOp pẹ̀lú TYPE_INT_RGB, tàbí kó kọ ìṣirò ìmọ́lẹ̀ gan-an fúnra rẹ̀ bí ó bá fẹ́ kí oníbàárà lè yí ìwọ̀n pupa àti búlúù padà lójú ara rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àkójọ aṣọ ìbílẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí fún ìtajà wà lára àwọn tí mo ń bá wí níhìn-ín, torí bí àlàárì bá jọ búlúù nínú ìwé wọn, kò sí ohun tí ìwé náà sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń ṣe áàpù JavaFX kó fi ColorAdjust ṣe ìwò-kí-o-tó-tẹ̀, kó sì fi kóòdù tirẹ̀ ṣe èyí tí yóò fi pamọ́.

Ẹni tó ń ka ìmọ́lẹ̀ láti fi mọ nǹkan, bíi ojú ìwé òfìfo láàárín ìwé tí wọ́n síkáànì, kó lo drawImage pẹ̀lú getSample. Bí iṣẹ́ náà bá dé orí wíwá ojú tàbí kíka lẹ́tà, OpenCV ni, kó sì gbà pé fáìlì tí oníbàárà yóò gbà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò wúwo.